Síǹkì àti peptide bàbà: Ṣé ó yẹ kí ẹ pa wọ́n pọ̀ nítorí irun iwájú orí tó ń jábọ́?

Tí ẹ bá ń ra ìpara lórí ayélujára, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìgò kékeré kan tí omi inú rẹ̀ jẹ́ búlúù. Peptide bàbà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń tà á ní ó ń dá irun padà, ó sì ń mú kí awọ jọ̀lọ̀.

Àwọn kan tún ń fi síǹkì kún un, nítorí wọ́n gbà pé méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Kí ni peptide bàbà?

Peptide dà bí ègé kékeré lára purotéènì. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìpara ni GHK-Cu. Ọdún 1973 ni Loren Pickart, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàwárí GHK nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ó máa ń di bàbà mú, ó sì ń dín kù lára wa bí a ṣe ń dàgbà.

Ìwádìí fi hàn pé ó ń ran awọ lọ́wọ́ láti ṣe collagen, èyí tí kì í jẹ́ kí awọ tètè hunjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń hu irun lórí ènìyàn kò tíì pọ̀.

Síǹkì ńkọ́?

Síǹkì kì í ṣe àjèjì. Òun ló wà nínú kálámáìnì tí àwọn ìyá wa máa ń fi pa ọmọ lára tí ooru bá sú sí i. Ó tún wà nínú ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn.

Tí wọ́n bá pàdé ńkọ́?

Bàbà ni GHK máa ń dì mú jù, nítorí náà kò rọrùn fún síǹkì láti lé e kúrò. Ohun tó lè tètè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni ásíìdì tó lágbára àti fítámì C.

Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé pípa méjèèjì pọ̀ ń sọ agbára wọn di ìlọ́po méjì. Ẹ má ṣe po wọ́n fúnra yín sínú ìgò kan. Ẹ lè lo ọ̀kan láàárọ̀, kí ẹ lo èkejì lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán apá yín wò.

Oògùn síǹkì tí a ń gbé mì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ìfun gba bàbà sára. Èyí lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìpalára fún iṣan ara. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí àgbàlagbà má kọjá mílígíráàmù 40 lójúmọ́, àfi tí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń mú irun iwájú sá?

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, irun dídì tó le jù àti gúlúù wíìgì ló ń fa irun tu. Tí ẹ bá tètè dáwọ́ dúró, irun náà lè padà hù. Ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti di àpá, kò sí ìpara tó lè jí i.

Minoxidil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irun ọkùnrin lọ́dún 1988, ní ẹ̀rí ju peptide bàbà lọ. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó láì rí dókítà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò ní Nàìjíríà, tàbí ti FDA ní Ghana. Tí irun bá ń jábọ́ síwájú sí i, tàbí tí orí ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.