Ẹ́ńjìnnì kú kété tí bàlúù gbéra: kí ló dé tí wọ́n ní kí páílọ́ọ̀tì má yà padà?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ọdún 2015, Harrison Ford, òṣèré Star Wars tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, wa bàlúù kékeré rẹ̀ gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Santa Monica, ní California. Bàlúù àtijọ́ ni o, Ryan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun ní wíwà bàlúù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò tíì lọ jìnnà tí agbára ẹ́ńjìnnì fi lọ sílẹ̀. Ó sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ pé òun fẹ́ padà wá balẹ̀ kíá. Nígbà tó rí i pé òun ò ní lè débẹ̀, ó darí ọkọ̀ sí pápá gọ́ọ̀fù kan nítòsí. Ó gbá orí igi, ó já lulẹ̀, ó sì fara pa gan-an, àmọ́ kò kú. Ẹni ọdún 72 ni nígbà yẹn.

Lójú tèmi, pápá gọ́ọ̀fù yẹn ló yọ ọ́. Ẹ lè ní, ṣebí ilé làbọ̀ sinmi oko, kí ló dé tí ò padà síbi tó ti gbéra? Eré tí bàlúù ń sá ni ìyẹ́ rẹ̀ fi ń gbé e dúró. Bó ṣe ń gun òkè, imú rẹ̀ ń wòkè. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú báyìí, kíá ni eré á tán. Àfi kí páílọ́ọ̀tì yára tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀, bí ẹ̀rù ilẹ̀ tilẹ̀ ń bà á. Tó bá wá lóun fẹ́ yà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́. Tó bá dẹ̀gbẹ́ dé dígírì 45, eré tó máa gbé e dúró á fi nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 lé sí i. Ní dígírì 60, ó lé ní ìdá 40. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Ìyẹ́ á jọ̀wọ́ ọkọ̀ lójijì, wọ́n ń pe ìyẹn ní stall, ilẹ̀ á sì ti sún mọ́ jù láti tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé tí wọn ò bá tíì ga dáadáa, kí wọ́n wá ibi gbalasa níwájú.

NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀ ló tú kúrò lójú rẹ̀, tí epo wá ń ya wọnú ẹ́ńjìnnì jù. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nílé mọ jẹ́ẹ̀tì. Òun làwọn tó ń tún un ṣe máa ń tú, tí wọ́n á fẹnu fẹ́. Bẹ́líìtì èjìká náà ò sí lójú ibi tó lágbára, ìyẹn sì dá kún bó ṣe ṣèṣe. Ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ ò tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa yẹ jẹ́ẹ̀tì yẹn wò.