Àwọn tó ń fi mọ́tò lé ọkọ̀ ojú irin eléèéfín: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa, láti Kútọnù dé Parakou?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan jí ní aago mẹ́ta òru. Ó rọ epo sí mọ́tò rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà, omi àti búrẹ́dì sí i, ó wa ọkọ̀ fún igba kìlómítà. Nígbà tó dé ẹ̀bá òkè kan, ó dúró nínú òtútù fún wákàtí kan ààbọ̀. Kí ló ń dúró dè? Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan tó máa kọjá lójú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ó yà á ní fọ́tò, ó sáré padà sínú mọ́tò, ó tún gba títì lọ, kó lè ṣíwájú ọkọ̀ náà kó tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò níṣẹ́. Àmọ́ wọ́n pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún àwa tí ojú irin gba àárín ìlú wa kọjá.

Iná, omi àti irin

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń lé o. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tó ń fi iná àti omi ṣiṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní train à vapeur. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé wa. Ẹ ronú nípa ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀, tí ẹ wá dé e pa. Ooru omi náà á máa ti ọmọrí, á fẹ́ gbé e kúrò. Agbára yẹn ni wọ́n lò. Wọ́n ṣe ìkòkò irin ńlá kan sórí ọkọ̀, wọ́n ń fi èédú tàbí igi dáná sí i, omi inú rẹ̀ ń hó. Wọ́n á jẹ́ kí ooru náà gba inú ọ̀pá kan lọ ti irin kan síwá sẹ́yìn. Irin yẹn ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Èèyàn méjì ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń darí ọkọ̀. Ìkejì ń kó èédú tàbí igi sínú iná láìsinmi, ó sì ń ṣọ́ omi kó má bàa gbẹ. Àwa tí a gbọ́ Faransé, ẹ gbọ́ èyí: ẹni kejì yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní chauffeur, ìyẹn ẹni tó ń mú nǹkan gbóná. Ìgbà tí mọ́tò dé ni orúkọ náà wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wa mọ́tò. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá pe awakọ̀ taksí yín ní chauffeur, orúkọ iṣẹ́ ojú irin àtijọ́ ló wà lẹ́nu yín yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń lé e

Ohun àkọ́kọ́ ni kí èèyàn mọ ọ̀nà. Ojú irin kì í fẹ́ gun òkè gíga, torí náà ó máa ń yípo. Títì lè gba ibi tó tààrà. Ibi tí ojú irin bá ti yípo ni ẹni tó ní mọ́tò ti ń rí àǹfààní. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ eléèéfín máa ń mu omi púpọ̀. Bó bá dúró ní ibùdó kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti pọn omi, tí mọ́tò ń sá ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan, mọ́tò ti fi kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣíwájú nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń jókòó ti máàpù ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ti yan ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n máa dúró sí.

Ohun kejì ni kí èèyàn mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti máa ṣe làálàá. Bó bá ń gun òkè, iná rẹ̀ á máa jó gan-an, èéfín á máa rú, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa kọjá, fọ́tò rẹ̀ kò ní dùn ún wò.

Ohun kẹta ni ojú ọjọ́. Ìkuukùu funfun tí a máa ń rí nínú fọ́tò kì í ṣe èéfín. Ooru omi tó bá afẹ́fẹ́ tútù pàdé ni, bí èémí ẹnu wa ṣe máa ń hàn ní àárọ̀ ọyẹ́. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, díẹ̀ ló máa hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí ní òru. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tún dára torí pé oòrùn ò tíì ga, ó lè dé ibi ẹsẹ̀ ọkọ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà tó báyìí?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ gasoil àti ẹ̀rọ iná mànàmáná dé, kíá ni wọ́n fi rọ́pò àwọn eléèéfín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìjọba gbé ọkọ̀ akérò eléèéfín rẹ̀ ìkẹyìn jáde ní ọjọ́ 11 oṣù August 1968. Àwọn èèyàn tò sí ẹ̀bá ojú irin láti dágbére fún un bí ẹni ń sin òkú àgbà.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ O. Winston Link. Láti 1955 dé 1960, ó ń gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò láti New York, ó ń lọ sí Virginia àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ Norfolk and Western ṣì ti ń lo ọkọ̀ eléèéfín. Òru ló sábà máa ń ya fọ́tò tirẹ̀. Ó ní òun kò lè pàṣẹ fún oòrùn, torí náà ó to gílóòbù iná sí ẹ̀bá ojú irin, gbogbo wọn á sì tàn pa pọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ bá dé. Nínú fọ́tò rẹ̀ kan tó lókìkí, èyí tó yà ní 1956, ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó nínú mọ́tò, wọ́n ń wo fíìmù ní ìta gbangba lóru, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá lọ lẹ́yìn. Kò mọ sí fọ́tò nìkan, ó gba ohùn àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1960, ọkọ̀ eléèéfín parí iṣẹ́ lọ́nà yẹn. Lónìí, ilé kan wà ní ìlú Roanoke tí wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ sí fún àwọn aráyé láti wá wò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní Eritrea, ní ìlà oòrùn Áfríkà tiwa níbí, àwọn ará Ítálì la ojú irin láti Massawa létí òkun gun orí òkè lọ sí Asmara. Ogun bà á jẹ́, wọ́n tú irin rẹ̀, wọ́n fi ṣe ibi ààbò fún àwọn ológun. Lẹ́yìn òmìnira ní 1993, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ padà, àwọn bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn yẹn ló tún ojú irin tò, tí wọ́n sì tún dáná sí àwọn ọkọ̀ eléèéfín náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò ń ti ìlú òkèèrè wá, wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Bí àwọn àgbà yẹn bá ti kú kí wọ́n tó pè wọ́n, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n ṣe?

Ojú irin tiwa

Ní 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Kútọnù, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ó gba Pahou, Allada, Bohicon, Dassa (Ìdáàṣà wa) àti Glazoué, ó sì dé Savè, ìyẹn Ṣábẹ̀, kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ ló dúró sí fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọdún 1936 ló tó dé Parakou. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ̀ka mìíràn tún gba Àjàṣẹ́ àti Sákété lọ sí Pobè. Àwọn olóyè ni ìjọba amúnisìn ní kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti abúlé. Kì í ṣe òyìnbó ló fi orí ru irin. Bàbá àwọn bàbá wa ni.

Wọ́n fẹ́ kí ojú irin náà dé Niger, àmọ́ kò dé ibẹ̀. Ní 1959, wọ́n dá OCBN sílẹ̀ kí ilẹ̀ méjèèjì lè jọ máa bójú tó o. Ní 2014, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti so Kútọnù pọ̀ mọ́ Niamey, àmọ́ ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ ní Kútọnù sì ní kí iṣẹ́ náà dúró ní 2015. Ó ti pẹ́ báyìí tí ọkọ̀ ojú irin kò gbé èrò lọ Parakou mọ́. Níbòmíràn koríko ti bo irin, níbòmíràn àwọn ọlọ́jà ti pàtẹ lé e lórí.

Ní tòótọ́, kò sí ọkọ̀ eléèéfín kankan tí a lè fi mọ́tò lé lọ́nà yìí mọ́. Ẹni tó bá rí i nígbà èwe rẹ̀ ti di arúgbó. Àmọ́ ilé ìbùdókọ̀ ṣì wà, irin ṣì wà, àwọn àgbà díẹ̀ ṣì wà. Ohun tó yẹ ká máa lé báyìí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ilé bá wó ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fọ́tò rẹ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é

Kò dìgbà tí ẹ bá ní kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó. Ẹni tó bá ní mọ́tò tàbí alùpùpù lè bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Kútọnù. Láti Allada, títì RNIE 2 gba Bohicon àti Dassa lọ sí Savè, ó sì ń bá a lọ dé Parakou. Ìlú kan náà ni títì àti ojú irin ń bẹ̀ wò. Ní Dassa àti ní Savè, ẹ dúró ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ ya irin pẹ̀lú àwọn àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kó má wà lójú fóònù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí irin lè hàn dáadáa.

Ẹ ya ilé ìbùdókọ̀ láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbà kan ní àdúgbò. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn rẹ̀. Ẹ bi í pé: Bàbá, níbo ni ọkọ̀ ti máa ń pọn omi? Ta ló ń kó igi sínú iná? Kí ni àwọn ìyá ń tà fún èrò? Kí lẹ ń pè é nígbà yẹn? Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ àti ọdún sí ìdí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, lẹ́yìn ogún ọdún, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti wá. Ẹ tún fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí fóònù lè sọnù.

Àwọn ará wa ní Èkó ti ṣe irú rẹ̀. Ní Èbúté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tún ilé àtijọ́ kan ṣe, èyí tí wọ́n kọ́ fún ọ̀gá ojú irin ní 1898. Jaekel House ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kó fọ́tò àti irinṣẹ́ ojú irin síbẹ̀. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ á rí ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà rí.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ẹni tó ń wa mọ́tò kò gbọdọ̀ ya fọ́tò. Ẹ má ṣe dúró níbi tí títì ti kọjá lórí irin, ẹ má sì gun afárá ojú irin. Ẹ má sọ pé kò sí ọkọ̀ mọ́, torí ẹrù lè kọjá nígbà tí ẹ kò retí. Ní oṣù February 2016, nígbà tí Flying Scotsman, ọkọ̀ eléèéfín tí wọ́n kọ́ ní 1923, padà sójú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí York lẹ́yìn àtúnṣe, àwọn ayàwòrán kan wọ orí irin. Wọ́n ní láti dá ọkọ̀ dúró nítorí wọn. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àmọ́ ẹnì kan ní láti wà tó máa rọ́ ọ. Bí bàbá tó mọ ohùn ọkọ̀ eléèéfín bá ṣì wà ní ilé yín ní Savè, ní Dassa tàbí ní Pobè, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó lọ jókòó tì í.