Ilẹ̀kùn Ẹnu Ọ̀nà: Kí Gan-an Là Ń Sanwó Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Òtu, ní Òkè-Ògùn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mọ̀ pé kíkan páànù kọ́ ni òpin ìnáwó. Bí òrùlé bá ti bo ilé tán, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń dúró fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n á fi páànù àlòkù dí ojú ọ̀nà kí ewúrẹ́ má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Nínú gbogbo ilẹ̀kùn ilé, ti ẹnu ọ̀nà ló ń gba owó jù. Òun náà ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín bàbá tó ń kọ́lé ní Òkè-Ògùn àti ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ á ní kí wọ́n yé fi owó òun ra ilẹ̀kùn onírin tó máa ń dípẹtà. Irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ní Peckham lòun fẹ́. Bàbá á ní kó sọ iye tó rà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí padà.

Composite door ni àwọn ará Britain ń pe ilẹ̀kùn tí ọmọ náà ń sọ. Wọ́n pa oríṣiríṣi nǹkan pọ̀ ṣe é ni. Awọ òde rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n ti po okùn díńgí tín-ín-ín mọ́ kó lè yi, kò sì nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà méjì lọ. Awọ kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn. Fóòmù líle ni wọ́n máa ń dà sí àárín méjèèjì, tí wọ́n á fi igi ká etí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń to pákó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra síbẹ̀ dípò fóòmù. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ máa ń nípọn tó mìlímítà 44. Wọ́n á tẹ ojú igi sára ike náà débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé pákó ni. Bí ẹ bá tì í, irin á yọ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀.

Ní Britain, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà sí irú èyí máa ń ná tó £1,000 sí £2,000, tí a bá ro owó ilẹ̀kùn, férémù, lọ́ọ̀kì, owó òṣìṣẹ́ àti owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú £1,500. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, £12.21 fún wákàtí kan ni owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 níbẹ̀. Ní iye yẹn, wákàtí bíi 123 ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi ṣiṣẹ́ kí owó ilẹ̀kùn náà tó pé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀, kí ìjọba tó yọ owó orí tirẹ̀. Bí a bá wá ṣẹ́ £1,500 sí náírà ní bíi ₦2,000 fún pọ́n-ùn kan, bó ṣe wà ní ọdún 2025, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, ₦80,000, á fi oṣù 37 àti ààbọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, láìjẹ láìmu. Kò yẹ ká bá bàbá wí bó bá ní òun kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ti owó tì ná, ká wo nǹkan tí owó náà ń rà. Òtútù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù, ìta lè wà ní ìwọ̀n òdo nígbà tí wọ́n ti dáná sínú ilé títí ó fi gbóná dé ìwọ̀n 20. Owó gáàsì ni ooru yẹn, gbogbo ìgbà ló sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Òfin ilé kíkọ́ ilẹ̀ England tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022 sọ pé, fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi gbóná ju ìta lọ, ooru tó ń gba mítà onígun mẹ́rin kan lára ilẹ̀kùn tuntun jáde kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 1.4 lọ. Lára ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin méjì, ní alẹ́ òtútù tí mo ṣàpèjúwe yìí, wáàtì 56 nìyẹn. Pákó lásán tó nípọn bákan náà lè jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ sá lọ. Nítorí fóòmù àárín yẹn, àti rọ́bà tó dí gbogbo etí rẹ̀ pa, ni owó fi gun òkè.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ní Òtu? Láti àárọ̀ tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ títí di alẹ́, ṣíṣí ni ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà máa ń wà, kọ́tìnì nìkan ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru ọ̀sán bá kọjá ìwọ̀n 35, atẹ́gùn ni gbogbo ilé ń wá. Ilẹ̀kùn tó dí etí pinpin ń tọ́jú nǹkan tí a kò ní. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní owó tó ṣẹ́ kù, kó fi kan ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì kejì síwájú èyí tó ń tì, kí atẹ́gùn máa wọlé kí ẹ̀fọn sì dúró síta. Owó kékeré ni, èrè rẹ̀ sì ju ti fóòmù lọ. Ti oòrùn náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń ta composite ní Britain gan-an máa ń kìlọ̀ pé èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ dúdú lè tẹ̀ bí oòrùn bá ń pa á lójú: awọ òde á gbóná, á fẹ̀, awọ inú á sì wà bó ṣe wà. Bí ó bá lè tẹ̀ lábẹ́ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fojú inú wo ilé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ní Òtu.

Ilẹ̀kùn òkèèrè tí a ń rà níbí, ti Ṣáínà àti ti Turkey ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní security door. Ọ̀nà tó ń gbà wá ló sọ iye rẹ̀. Ó máa gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá tàbí Tin Can, á dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò Orílé l'Ékòó, á wọ Ìbàdàn, á gba ọ̀nà Moniya sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún ṣe, kó tó já sí Òtu. Gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́nà ló ń jẹ èrè tirẹ̀. Àmọ́ dọ́là ló ń jẹ tiwa jù. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ń ta ilẹ̀kùn kan ní dọ́là 100. Kí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba kò ju bíi ₦460 lọ, ₦46,000 nìyẹn. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500, ilẹ̀kùn kan náà sì ti di ₦150,000 kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra rárá. Òótọ́ ni pé oníṣòwò tí kò rí dọ́là ìjọba rà ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ lójú pópó ní iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Fún irú wọn, ìfò náà kò tó bí ìwé ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là náà ni àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó bodè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 yẹn sì ni iye tí wọ́n ń lò yí padà léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi owó epo bẹntiróòlù kún un, tó kúrò ní nǹkan bíi ₦190 fún lítà kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó sì ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ọdún 2024 tó parí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn fi máa ń sọ pé iye tí òun dá lónìí kò ní dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń purọ́.

Ibi tó ti ń purọ́ ni orúkọ tó ń pe ọjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ security door tó wà lọ́jà, irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ̀ lójú méjèèjì, tí wọ́n sì fi páálí oníhò bí afárá oyin sí àárín. Ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀, ààbò rẹ̀ kéré. Ẹ má wo ọ̀dà ojú rẹ̀, etí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún lọ́ọ̀kì ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ni irin ti ń sọ òótọ́ nípa nínípọn ara rẹ̀. Àwọn wẹ́dà tiwa máa ń fi géèjì ka irin, ẹ̀yìn sì ni ìkà yẹn ń lọ: géèjì 20 kò tó mìlímítà kan, géèjì 18 lé díẹ̀ ní mìlímítà kan, géèjì 16 sì tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Oníbàárà tí kò bá mọ̀ á rò pé 20 ló dára jù nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn tí wẹ́dà Òtu bá fi irin géèjì 16 ṣe lè má rẹwà bí ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ohunkóhun bá sì bà á jẹ́, ẹni tó ṣe é kò jìnnà.

Onígi ńkọ́? Ilẹ̀ wa ni igi apá ti ń hù, igi tí ikán kì í fẹ́ bá ṣeré, tó sì wà lára àwọn igi tí kì í sábà lọ́. Gbogbo igi ló ń mí sínú mí síta pẹ̀lú ojú ọjọ́. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí ètè ń là, omi inú pákó lè wálẹ̀ dé ìdá 6 nínú 100 ìwúwo rẹ̀; nígbà òjò, ó lè gòkè dé 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn pákó kì í yí padà tó nǹkan kan, ìbú rẹ̀ ló ń fún tó sì ń wú, débi pé pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ títí ó fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 lè sún ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàárín ìgbà méjèèjì. Káfíńtà tó bá kan ilẹ̀kùn ní oṣù kìíní tó sì jẹ́ kó há férémù pinpin, ó ti kàn án fún ìjà ní oṣù kẹsàn-án. Nítorí èyí ni àwọn àgbà káfíńtà fi ń pín ilẹ̀kùn sí ojú ojú, tí wọ́n ń kan igi gbọọrọ yí pátákó àárín ká, kí pátákó náà lè máa sún nínú kòtò rẹ̀ láì ti férémù.

Wàhálà apá ni pé ó ti ń ṣọ̀wọ́n. Igi líle ni àwọn tó ń sun èédú ní Òkè-Ògùn ń wá, igi tó yẹ kó di ilẹ̀kùn ń wọ àpò lọ sí ìlú ńlá. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó fẹ́ parẹ́, ti fi apá ilẹ̀ Áfíríkà àti ọ̀gánwó sínú ìwé rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2023; gẹdú wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà láìsí ìwé àṣẹ. Ìyẹn kò dí káfíńtà Òtu lọ́wọ́, àmọ́ ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé iṣẹ́ onígi jẹ́ ti tálákà, ẹ rán an létí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ ní nǹkan bíi ọdún 1910 sí 1914, tó fi Ògògà, ọba ìlú náà, hàn lórí ìtẹ́ níbi tó ti ń gba àlejò òyìnbó tí wọ́n fi àgbékà gbé wá. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní, kò sì sí ike lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òtu, sí ibi tí owó ti ń ṣòfò jù: gbígbé ilẹ̀kùn náà sójú ihò rẹ̀. Olè tó mọṣẹ́ kì í bá ojú ilẹ̀kùn jà, férémù ló ń tú. Bíríkì oníhò ni a fi ń kọ́lé, irin tí wọ́n bá sì gbá mọ́ ọn lára lè má di nǹkan kan mú ju èèpo bíríkì lọ. Kí bíríkìlà da kọnkéré sínú ihò gbogbo bíríkì tó bá wà létí ẹnu ọ̀nà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí wọ́n tó gbé férémù wọlé. Bí ó bá jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi síméǹtì rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀kùn tó wúwo á máa fa ògiri náà lọ́jọ́ gbogbo títí á fi là, nítorí náà wọ́n ní láti mọ òpó kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ́kọ́. Kí wọ́n tẹ́ táìsì ilẹ̀ tán kí ẹ tó wọn ihò ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gbé ilẹ̀kùn ṣáájú táìsì á tún padà wá sanwó fún gígé ìsàlẹ̀ rẹ̀, security door onípáálí yẹn kò sì ṣeé gé.

Ohun kan kù tí àwọn tó ń rà kì í bèèrè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé gogoro Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 72 ló kú. Nígbà tí wọ́n dán ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn composite ilé náà wò, èyí tó yẹ kó dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 15 péré ló lò. Níbí, kì í ṣe pé iná ń tètè jó ilẹ̀kùn wa ló ń pani, kọ́kọ́rọ́ ló ń pani: ilẹ̀kùn onírin tó tì, irin ní gbogbo fèrèsé, òru, èéfín, tí wọ́n sì ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn léèrè bóyá ọwọ́ lásán lè ṣí lọ́ọ̀kì rẹ̀ látinú. Bí kò bá lè ṣí, ẹ yọ owó lọ́ọ̀kì mìíràn kúrò nínú iye tó dá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.