Ẹ̀kọ́ Ìtàn padà sí kíláàsì: olùkọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun fún ilé-ìwé. Láti ìwé kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, ọmọ yóò máa kọ́ ìtàn Nàìjíríà láìdáwọ́ dúró. Bó bá wọ SS, yóò bá a nínú iṣẹ́ tuntun kan tó da ìtàn pọ̀ mọ́ ojúṣe ọmọ onílùú. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Ìtàn ni ẹrù náà já lé léjìká, olùkọ́ Ìtàn gan-an ló sì ti di ọ̀wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni wọ́n lé Ìtàn kúrò nílé-ìwé pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí àjọ NERDC gbé jáde lọ́dún 2007 ni kò fi àyè sílẹ̀ fún un mọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀, Social Studies ló gbà á mọ́ra. Ní SS, Ìtàn ṣì wà, WAEC ṣì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò yàn án? Ọmọ tí kò jókòó sí kíláàsì Ìtàn rí, tí wọ́n wá ní kó yan láàárín rẹ̀ àti Government ní SS 1, èyí tó bá rò pé ó rọrùn ni yóò mú. Ilé-ìwé tí kò sì rí ọmọ kó jọ fún iṣẹ́ kan kò ní wá olùkọ́ iṣẹ́ náà.

Ibẹ̀ ni okùn ti já. Ọmọ tí kò ṣe Ìtàn ní WAEC kì í sábà lọ kà á ní yunifásítì. Àwọn ẹ̀ka Ìtàn náà ti mọ̀, wọ́n ń wá orúkọ mìíràn kún tiwọn: ti Yunifásítì Èkó ń jẹ́ History and Strategic Studies, ti LASU ń jẹ́ History and International Studies. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ń fi iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè àti ti ètò ààbò han ọmọ. Ti olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń di olùkọ́ Ìtàn kò kúrú. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ JSS lè gba NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni, ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń wo SS yóò ka B.A.Ed fún ọdún mẹ́rin. Bó bá jẹ́ B.A. lásán ló ní, á fi PGDE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó bá wọ JSS 1 lónìí, tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́wàá ó kéré tán ni yóò lò kó tó dúró níwájú kíláàsì SS. Ìwé àṣẹ kò lè gé e kúrú.

Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ọdún 2016 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí Ìtàn padà. Ọdún 2022 ni ìjọba tó ṣe ayẹyẹ ìpadàbọ̀ náà, tí wọ́n sì ní àwọn ti yan olùkọ́ 3,700 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà àti ìgbà tí wọ́n yíjú sí olùkọ́.

Ìran tó ṣáájú mú olùkọ́ ní ọ̀kúnkúndùn ju báyìí lọ. Láti ìgbà tí CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859, títí fi di ìgbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ tí wọ́n jọba lé lórí ló gba iwájú nínú ìwé àwọn ọmọ girama. Onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 1955, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ilẹ̀ yìí láti inú ilẹ̀ yìí. Wọn kò fi í mọ sí yunifásítì. Lọ́dún 1965, J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àti Ian Espie ṣe ìwé A Thousand Years of West African History jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìwé amúlò fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Kí wá ni olùkọ́ yìí ń ṣe tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe? Ẹ mú ogun Kíríjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 tí kò sì parí títí di 1893. Nínú kíláàsì kan náà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ọmọ Ìbàdàn lè jókòó ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Èkìtì. Ààrẹ Látóòsà ni akọni nílé ọ̀kan, Ògèdèńgbé ni tèkejì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kò ní fọwọ́ rọ́ àrọ́bá ilé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Yóò ní kí wọ́n gbé e wá, yóò tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886, yóò sì bi wọ́n pé: ta ló sọ èyí, ibo ló wà nígbà tó ń sọ ọ́, kí ló sì fò dá?

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ pàápàá kò ní bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn. Àlùfáà ní Ọ̀yọ́ ni Johnson, òun náà wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun náà. Ó parí ìwé rẹ̀ lọ́dún 1897, ó kú lọ́dún 1901, ìwé náà sọnù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, oníṣègùn, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó fi jáde lọ́dún 1921. Ọmọ tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ojú Ọ̀yọ́ ni ìwé náà fi wo ilẹ̀ Yorùbá, yóò sì mọ bí a ṣe ń kà á láìkó o dànù. Ìwé ìdánwò kò lè kọ́ ọ ní èyí. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ rí nìkan ló lè ṣe é.

Nítorí náà, òbí tó bá lọ sípàdé PTA ní sáà yìí ní ìbéèrè kan tó yẹ kó bi ọ̀gá àgbà: ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìtàn, kí ló sì kà? Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ Social Studies ni wọ́n kàn ní kó fi kún tirẹ̀, inú tàìmùtébù nìkan ni Ìtàn padà sí.