Òkòtó Tí Ń Tú Àṣírí Iná

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ewì àti ìtàn àròsọ ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ojú ló fà á. Ní ilé mi ní Kétu, nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka ìwé ìdánwò lábẹ́ gílóòbù tuntun kan, orí a máa fọ́ mi. Ọjọ́ orí ni mo fi ẹ̀sùn kàn, kí òkòtó tó là mí lójú.

Iná ìjọba ní Nàìjíríà ní ìgbì 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára ìgbì kọ̀ọ̀kan a máa ga lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà gílóòbù lè ṣẹ́jú nígbà 100, kí ojú lásán má sì rí i. Okùn inú gílóòbù ayé àtijọ́ kì í tètè tutù, ìyẹn ni kì í fi í ṣẹ́jú púpọ̀. Ti gílóòbù gbọọrọ àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ LED olówó pọ́ọ́kú yàtọ̀. Ní 1989, Arnold Wilkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba fi hàn pé orí fífọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì dín ju ìlàjì lọ nígbà tí a mú ṣíṣẹ́jú gílóòbù gbọọrọ kúrò.

Ẹ gé páálí róbótó bí ẹnu ife. Ẹ pín in sí ọ̀nà 20 láti àárín. Ẹ kun ọ̀kan ní dúdú, ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ ní funfun, títí yóò fi yí ká. Ẹ gbẹ́ ẹnu igi ìṣáná kan, ẹ fi gún àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì ta á. Lábẹ́ oòrùn, àwọ̀ méjèèjì a dàpọ̀ di eérú. Lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú, bí eré rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ dé ìyípo 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dúdú kọ̀ọ̀kan yóò ti bọ́ sí ààyè èyí tó ṣáájú rẹ̀ kí iná tó tún tàn. Páálí yóò wá dà bí ohun tó dúró. Ní òpin 1832 ni Joseph Plateau ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Simon Stampfer ní Austria, láìfọ̀rọ̀ lọ ara wọn, ti fi páálí tó ń yí ṣe irú ìtànjẹ ojú bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Wíìlì alápá mẹ́rin tó ń yí nígbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò dà bí èyí tó dúró. Bí ó bá dín díẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ mọ́tò, apá rẹ̀ yóò máa rìn sẹ́yìn jẹ́jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń pín àwọn gílóòbù ilé iṣẹ́ sórí fésì mẹ́ta.

Mo mú òkòtó náà lọ bá ìyá kan tó ń lọ ata nítòsí Mile 12. Ó ta á lábẹ́ gílóòbù tó wà lókè ẹ̀rọ rẹ̀, ó kígbe pé, “Bàbá, ó ti dúró!”

Mo ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Òkòtó ta ìka rẹ̀ dànù. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ó ti pààrọ̀ gílóòbù.