Bí Wọ́n Ṣe Ń Pọ́n Àpáta Kí Okùn Tó Dé

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Dei-Dei ní Àbújá, tó gba Zuba kọjá sí Madalla, tó sì kọjú sí ọ̀nà Kaduna, àpáta Zuma ni yóò yọ sí i. Ẹ ti rí i rí, kódà bí ẹ kò dé Àbújá rí: ẹ wo ẹ̀yìn nótà náírà 100 tó jáde lọ́dún 1999. Awólọ́wọ̀ wà lójú rẹ̀, Zuma wà lẹ́yìn. Èrò ọkọ̀ a máa bi ara wọn bóyá èèyàn lè gun irú nǹkan báyìí. Èèyàn lè gùn ún, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ sá tọ àpáta lọ nílẹ̀ wa kò bá eré ìdárayá wá. Ogun ló lé wọn débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara àpáta náà. Òkúta tó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó sì tutù síbẹ̀, ni. Òjò àti ọ̀gbàrá ń fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, títí ó fi yọrí. Nígbà tí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dán, tó dúró gbagidi, tí ọwọ́ kò fi rí nǹkan dìmú àfi níbi tó bá ti sán. Àwọn ilà dúdú tó ń sọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, ojú ọ̀nà omi òjò ni. Ewédò ń hù níbẹ̀, ó sì ń yọ̀.

Ìtàn àwọn Gbàgyí, ẹ̀yà tó ń gbé agbègbè náà, sọ pé ibi ìsádi ni Zuma jẹ́ fún wọn láyé ogun. Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn tó ń jà wọ́n lógun láti ìhà àríwá, ẹlẹ́ṣin ni wọ́n, ẹṣin kì í sì í gun àpáta. Kò pọn dandan kí ẹ dé orí pátápátá kí ẹ tó bọ́. Ẹni tó bá ti wọ inú pàlàpálá tó wà lókè díẹ̀, ó ti fi àpáta ti ẹ̀yìn, ó ń rí ọ̀tá látòkè, òkúta tó sì yí sílẹ̀ ti tó ohun ìjà. Ní agbègbè Zuba yìí náà ni Makau, ọba Hausa ti Zazzau, sá wá nígbà tí àwọn Fúlàní gba Zaria, olú ìlú rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará rẹ̀ ló tẹ ìlú Abuja àtijọ́ dó lọ́dún 1828, èyí tí à ń pè ní Suleja lónìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1830, inú ihò àpáta ni ọ̀pọ̀ wọn forí pamọ́ sí. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ṣì wà lára òkúta. Àwọn ará Ìdànrè tilẹ̀ gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ẹ óò gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ náà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gùn ún láìsí okùn? Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà a máa fẹ́ dì mọ́ àpáta, àyà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn; ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Bí ẹ bá nàró, ìwọ̀n ara yín á tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ òkúta, yóò sì dúró. Níbi tí àpáta bá ti sán, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sínú rẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ náà á há, ẹ lè fara tì í. Níbi tó bá fẹ̀ tó èèyàn, ẹ̀yìn á wà lára ògiri kan, ẹsẹ̀ lára èkejì. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kó máa kúrò lára àpáta lẹ́ẹ̀kan.

Sísọ̀ ló le jù, nítorí ojú kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn òyìnbó náà fi ẹ̀mí kọ́ ọ. Lọ́dún 1786 ni ọkùnrin méjì kọ́kọ́ dé orí òkè Mont Blanc, ní ààlà Faransé àti Ítálì, ẹ̀bùn owó sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ọ̀nà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ní July 14, 1865, àwọn méje ló dé orí òkè Matterhorn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀, ọ̀kan yọ̀, okùn já, mẹ́rin kú.

Okùn ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ nà. Èyí tí àwọn apọ́nkè ń lò báyìí máa ń nà dáadáa bí èèyàn bá já bọ́, kí ara má bàa gba gbogbo agbára náà lẹ́ẹ̀kan. Okùn tí wọ́n fi ń di pákó lọ́jà Dei-Dei kò lè ṣe èyí. Ó le, ó sì lè gbé ẹrù, àmọ́ ẹni tó bá já bọ́ lórí rẹ̀, ìdí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa gbọ́.

Torí náà, tó bá ń wu yín láti gun òkè, ẹ lọ sí Olúmọ tàbí Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Zuma, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún dandan, kó bá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ, pẹ̀lú okùn tó yẹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti rọ̀, kó padà.