Àdúrà tí Kò Gbà

Ẹnìkan lè gbàdúrà títí, kí ohun tí ó ń tọrọ má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà ẹ̀sìn Júù.

Mósè bẹ Ọlọ́run pé kí òun sọdá Jọ́dánì, kí òun fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìlérí. Ọlọ́run ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ó má sọ ọ́ mọ́. Orí òkè ni ó ti wo ilẹ̀ náà lókèèrè kí ó tó kú. Lẹ́tà Hébérù máa ń dúró fún òǹkà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ṣírò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ nípa ẹ̀bẹ̀ náà, wọ́n rí 515, wọ́n ní iye àdúrà tí Mósè gbà nìyẹn. Lóòótọ́, ó ṣẹ̀ níbi omi Mẹ́ríbà. Síbẹ̀ àwọn Júù kò tìtorí èyí kà á sí ẹni ìkọ̀sílẹ̀: Mósè olùkọ́ wa ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Àdúrà kan sì wà tí wọ́n ní asán ni. Ó wà nínú Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Bí ọkùnrin kan bá ti ìrìn àjò dé, tí ó gbọ́ igbe nínú ìlú, kò yẹ kí ó gbàdúrà pé kí ó má jẹ́ ilé òun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ná. Ní tèmi, òfin yìí le. Ta ni ọ̀rọ̀ náà kò ní bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí kì í bá ṣe ilé rẹ̀, ilé ẹlòmíràn ni.

Ní ọdún 70, àwọn ará Róòmù wó Tẹ́mpìlì Jerúsálẹ́mù. Nínú Támúdì, Rábì Ẹliásárì ní láti ọjọ́ náà ni ìlẹ̀kùn àdúrà ti wà ní títì, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn omijé kò tì. Rábì Hámà ní kí ẹni tí kò rí ìdáhùn tún gbàdúrà.

Wọ́n tún gbà pé ènìyàn lè bá Ọlọ́run rojọ́. Òkìkí Rábì Levi Yitzchak ti ìlú Berditchev, tí ó kú ní 1809, kàn fún èyí. Nínú orin tí wọ́n kà sí tirẹ̀, ó bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí ojú àwọn Júù fi ń rí màbo, ó ní òun kò ní kúrò níbi tí òun dúró sí títí ìyà wọn yóò fi dópin. Orí ìdúró náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ Kádíṣì, àdúrà tí wọ́n fi ń gbé orúkọ Ọlọ́run ga.